Ẹ má fi sáńpépà bó ìbọn bàbá yín

Nígbà tí à ń pín ogún bàbá wa àgbà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ìbọn ọdẹ kan jáde láti orí àjà, irú èyí tó máa ń ki ọta kejì fúnra rẹ̀ bí èèyàn bá ti yin àkọ́kọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ yọ iké. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi búra pé òun ni wọ́n fi ja ogun Ìmàgbọn, gbogbo ilé sì hó yèè. Ogun Ìmàgbọn rèé, tí Ìjẹ̀bú bá òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì jà, 1892 ni. Ọdún 1900 ni John Browning, ará Amẹ́ríkà, ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀tọ́ pé òun ló gbé irú ìbọn yìí kalẹ̀.

Ẹni tó mọ̀wé náà ń ṣìnà. Lára ọ̀pá Remington Model 11, irú ìbọn Browning yìí tí ilé iṣẹ́ Remington ń ṣe ní Amẹ́ríkà láti 1905 títí dé 1947, ẹ lè rí ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá 1900. Ọjọ́ ìwé ẹ̀tọ́ Browning nìyẹn, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n rọ ìbọn yín. Nọ́ńbà ara irin ni kí ẹ wá, kí ẹ sì wo ìlú tí wọ́n ti ṣe é: Auto-5, orúkọ tí Browning ń pe irú ìbọn yìí, èyí tí wọ́n ṣe ní Bẹ́ljíọ̀mù àti èyí tí ilé iṣẹ́ Miroku ṣe ní Jàpáànì títí di 1998, owó wọn kì í sábà dọ́gba. Ọ̀pá rẹ̀ sì ṣeé pààrọ̀ wẹ́rẹ́, ẹ má gba ẹ̀rí ọ̀pá nìkan gbọ́.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ọmọ àbúrò mi. Kí a tó fojú kúrò, ó ti fi sáńpépà àti kẹrosíìnì bó ìbọn náà, ó ń dán gbinrin bí abọ́ ìyàwó tuntun. Òǹtẹ̀ kéékèèké ti Liège, ìlú kan ní Bẹ́ljíọ̀mù, tó fi hàn pé wọ́n ti dán ọ̀pá náà wò, ti di òjìji. Nínú nọ́ńbà, díẹ̀ ló kù tó ṣeé kà. Ó tún kun igi ìdí rẹ̀ ní fáníìṣì! Àwọn tó ń ra ìbọn àtijọ́ níbi tí òfin ti gbà wọ́n láyè, àwọ̀ àtètèkọ́ṣe ni wọ́n ń sanwó fún, bó tilẹ̀ ti ṣá. Ọlọ́pàá wo ló sì máa rí nọ́ńbà tí wọ́n fá tí kò ní ronú olè?

Ẹ wo igi iwájú tí ọwọ́ ń dì mú dáadáa, ibẹ̀ ni Auto-5 ti sábà máa ń là. Tiwa ní ìlà kan níbẹ̀, tín-ín-rín bí irun, fáníìṣì sì ti bò ó.

Ẹ má yin ìbọn náà wò o. Auto-5 àtijọ́ mìíràn tí ihò ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n 16 (16-gauge), kàtírììjì mílímítà 65 ni wọ́n ṣe é fún. 70 ló wọ́pọ̀ lóde òní, kò sì yẹ irú ìbọn bẹ́ẹ̀.

Ẹ sì yé fi iye tí ẹ rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣírò. Owó Amẹ́ríkà nìyẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, òfin ohun ìjà ti 1959 yọ ìbọn tó ń ki ara rẹ̀ kúrò lára ìbọn ọdẹ tí ará ìlú lè gba láísẹ́ńsì fún, láísẹ́ńsì olóògbé kì í sì í ṣe ogún. Ẹni tó bá fi àpò gbé e lọ sí ọjà Òkè-Àjẹ láti béèrè iye tó tó, ẹ̀wọ̀n ló ń wá. Lọ́yà la kọ́kọ́ pè, lọ́yà bá tésàn sọ̀rọ̀, wọ́n wá gbé e nílé, a sì gba ìwé lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló fọwọ́ sí i. Ó ní kí wọ́n kọ Ìmàgbọn síbẹ̀.