Ààlà Aṣọ Ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì Alákànpọ̀: Báwo Ló Ṣe Yẹ Kó Fẹ̀ Tó?

Àgékù ankara kì í wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ì báà jẹ́ ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí a bá kàn wọ́n pọ̀ di búlọ́ọ̀kù onígun mẹ́rin, tí a sì to àwọn búlọ́ọ̀kù náà pọ̀, aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì tàbí aṣọ ìbora gidi la ó rí níbẹ̀. Ààlà ni aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń rán sáàárín búlọ́ọ̀kù kan àti èkejì. Ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ bí yóò ṣe fẹ̀ tó kí ẹ tó ki àlùmọ́gàjí bọ aṣọ, torí fífẹ̀ rẹ̀ wà lára ohun tó ń pinnu bí gbogbo iṣẹ́ náà yóò ṣe tóbi tó.

Búlọ́ọ̀kù ni kí ẹ fi wọn ààlà. Kó má ju ìdá kan nínú mẹ́rin búlọ́ọ̀kù lọ. Búlọ́ọ̀kù ínǹṣì 12 fẹ́ ààlà ínǹṣì 2 sí 3. Ti ínǹṣì 8 fẹ́ 1½ sí 2. Ti ínǹṣì 6 fẹ́ 1 sí 1½. Bó bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, ààlà ni ojú yóò kọ́kọ́ rí, iṣẹ́ ọwọ́ yín yóò sì fara sin. Ankara tí àwòrán rẹ̀ tóbi, tí àwọ̀ rẹ̀ ń pariwo, fẹ́ ààlà tó fẹ̀ díẹ̀, aláwọ̀ kan ṣoṣo, kí ojú lè rí ibi sinmi. A kò gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ níyànjú pé kó lo èyí tó dín sí ínǹṣì 1. Bí ìrán bá yẹ̀ ní ínǹṣì ⅛ péré lára ààlà ínǹṣì ¾, ìdá kan nínú mẹ́fà rẹ̀ ló ti lọ yẹn, gbogbo ayé ni yóò rí i.

Bí ọkàn yín kò bá tíì dúró sójú kan, ẹ tẹ́ búlọ́ọ̀kù méjì sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ẹ ṣẹ́ aṣọ ààlà po sí ínǹṣì 1½, kí ẹ fi sáàárín wọn, kí ẹ lọ wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Ẹ tún un ṣe ní 2, lẹ́yìn náà ní 3. Ẹ ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Gbogbo ínǹṣì tí a ń kà yìí, lẹ́yìn ìránpọ̀ ni o. Ìrán ń gba ínǹṣì ¼ lọ́tùn-ún, ¼ lósì, nítorí náà ẹ fi ½ kún un nígbà gígé: ààlà ínǹṣì 2, ẹ gé e ní 2½. Télọ̀ tó ti mọ́ lára láti fi ínǹṣì kan sílẹ̀ nínú bùbá gbọ́dọ̀ ṣọ́ra níbí. Ẹ fi àgékù mẹ́ta oní 2½ dán máṣíìnì yín wò: ẹ rán wọn pọ̀, ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ wọn ti àárín. Bí kò bá jẹ́ ínǹṣì 2 géérégé, ẹ sún ìrán yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo fóòmù ẹsẹ̀ bàtà 4½ sí 6, ìyẹn ínǹṣì 54 sí 72. Ẹ to búlọ́ọ̀kù ínǹṣì 12 ní márùn-ún sí ìbú, mẹ́fà sí gígùn, ọgbọ̀n lápapọ̀. Bí ààlà bá wà láàárín wọn àti yíká etí, mẹ́fà ni yóò bọ́ sí ìbú, méje sí gígùn. Pẹ̀lú ààlà ínǹṣì 2, aṣọ yóò jẹ́ 72 sí 86, yóò sì rọ̀ ní ínǹṣì 9 lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ ààlà di 3, ó di 78 sí 93. Ínǹṣì kan tí ẹ fi kún ààlà ti fi 6 kún ìbú, ó fi 7 kún gígùn, aṣọ abẹ́ tí ẹ ti rà lè má tó mọ́. Ibi tí owó ń gbà jò jù nìyẹn.

Fún ti ínǹṣì 2 yìí, ẹ ó gé ààlà 71, ọ̀kọ̀ọ̀kan 2½ sí 12½, àti onígun mẹ́rin kéékèèké 42, oní 2½ sí 2½, fún oríta tí ààlà ti ń pàdé. Àgékù ankara tó fún ti oríta. Yáàdì 2 aṣọ tó fẹ̀ tó ínǹṣì 44 yóò gbé ti ààlà, bí ẹ bá gé e ní gígùn, kó bá etí aṣọ lọ: ọ̀já 15, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú ààlà 5 jáde. Aṣọ kì í fẹ́ nà lápá ibẹ̀. Èyí tí ẹ bá gé láti igun dé igun yóò nà lábẹ́ áyọ́ọ̀nù, yóò sì máa rú bí omi.

Ohun mìíràn tó ń mú un rú ni kí a máa rán ọ̀já gígùn mọ́ búlọ́ọ̀kù, ká tó gé ìyókù dànù. Ẹ kọ́kọ́ gé gbogbo ààlà dọ́gba, kí ẹ fi pínnì mú àárín àti igun méjèèjì, kí búlọ́ọ̀kù bá ààlà mu. Búlọ́ọ̀kù tó bá fi ju ínǹṣì ¼ lọ tóbi jù, ẹ dín in kù. Ẹ lọ ìrán sápá ààlà nígbà gbogbo, ìrán yóò sì fara ti ara wọn ní oríta láìdì.

Ẹ fọ aṣọ kí ẹ tó gé e, torí ankara tuntun ń sún kì. Àdìrẹ àti kàm̀pálà ń ṣí: ẹ rẹ ẹ̀, kí ẹ fi aṣọ funfun tẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá ṣì ń yọ àwọ̀, ẹ má fi ààlà funfun sí i. Funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tún ń jẹ́ kí ìrán dúdú hàn láti abẹ́, eruku ọyẹ́ sì ń tètè gbà á. Àwọ̀ aró tàbí ti obì dára jù. Aṣọ òfì, ẹ má gé e tẹ́ẹ́rẹ́ fún ààlà, ojú ibi tí ẹ bá gé yóò tú. Odidi ọ̀já rẹ̀ kan, bó ṣe jáde lórí òfì, ni kí ẹ rán yíká etí.