Ìrírí mi: Pádì wàyálẹ́ẹ̀sì, adápútà tí kò bá a mu, àti ₦8,000 tó bọ́ sódò

₦9,000 ni mo ra pádì Xbox 360 tòkunbọ̀ kan, ohun tí wọ́n fi ń darí gééèmù, ní Wuse, Abuja. Kó tó gbọ́ràn sí kọ̀ǹpútà mi lẹ́nu, mo ti ná ₦24,000 lé e: ₦4,500 fún adápútà Bluetooth tí kò wúlò fún un, ₦3,500 fún wàyà tí kò lè ṣe ju kó gbé iná sínú bátìrì lọ, ₦14,000 fún risífà tó yẹ kí n kọ́kọ́ rà, àti ₦2,000 fún wàyà ẹkisitẹ́ńṣọ̀n. Owó ọkọ̀ láti Kubwa ní àlọ àti àbọ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kò sí nínú ìṣirò yìí. Inú ṣì ń bí mi, torí ₦8,000 nínú owó yẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbé e lọ: wàyálẹ́ẹ̀sì.

Ẹni tó ta adápútà àkọ́kọ́ fún mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí wàyálẹ́ẹ̀sì ni? Bluetooth kékeré yìí ló máa gbé e." Kò lè gbé e láéláé. Pádì Xbox 360 kò ní Bluetooth nínú rárá. Ọdún 2005 ni Xbox 360 jáde, rédíò tí Microsoft fúnra wọn ṣètò ni wọ́n sì fi sínú pádì rẹ̀. Orí ìgbì rédíò 2.4 GHz ni rédíò náà ti ń sọ̀rọ̀, orí 2.4 GHz náà ni Bluetooth wà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń rìn, wọn ò jọ gbọ́ èdè ara wọn. Ẹ fi ẹni tí kò gbọ́ ju Tiv lọ àti ẹni tí kò gbọ́ ju Kanuri lọ sídìí ọjà kan náà ní Wuse, wọ́n lè pariwo títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọn ò ní dá iye kankan síra wọn. Gbogbo ìgbà tí mo tẹ bọ́tìnnì ìsopọ̀ orí pádì, iná mẹ́rin tó yí bọ́tìnnì àárín ká ń yí kiri, Windows ń wá. Ó rí fóònù àwọn ará ilé kejì, ó rí spíkà wọn, kò rí pádì.

Wàyà ni mo tún lọ rà. Ojú USB wà ní orí rẹ̀ kan, orí kejì sì wọ iwájú pádì rẹ́gí, mo ní ó parí. Bátìrì ló ń gba iná, Windows kò fọhùn. Wàyà tí wọ́n ń pè ní Play & Charge nìyẹn, iná nìkan ló ń gbé lọ sínú pádì 360 aláìníwàyà. Kódà bí wàyà bá wà lára rẹ̀, rédíò ni pádì yẹn ṣì fi ń ránṣẹ́. Pádì 360 oníwàyà yàtọ̀ pátápátá: wàyà tirẹ̀ ti wà lára rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, kò ṣeé yọ, bí ẹ bá sì ti kì orí rẹ̀ bọ kọ̀ǹpútà ni Windows máa dá a mọ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà adápútà rárá, òun ni kó rà.

Ohun tí pádì mi nílò ni risífà Xbox 360, ìyẹn ike kékeré aláwọ̀ funfun tàbí dúdú tó ní wàyà USB lára, bọ́tìnnì kan lójú rẹ̀ àti iná kékeré kan. Èyí tí Microsoft ṣe ti ṣọ̀wọ́n lọ́jà, àfarawé ni wọ́n ń tà káàkiri, òun ni mo sì rà. Àfarawé náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ Windows kì í dá a mọ̀ fúnra rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀sẹ̀ kan gbáko ti bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo kì risífà bọ ojú USB iwájú kọ̀ǹpútà, iná rẹ̀ kò tàn. Mo tẹ Windows àti X pọ̀, mo yan Device Manager. Ó wà lábẹ́ "Other devices" pẹ̀lú àmì òfeefe onígun mẹ́ta, orúkọ rẹ̀ ni "Unknown device", àlàyé rẹ̀ sì ni Code 28, tó túmọ̀ sí pé kò sí driver, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí Windows gbọ́ èdè ẹ̀rọ, fún un. Driver yìí kò jìnnà, Windows 11 mi ti ní in lára tẹ́lẹ̀. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí àfarawé gbé wá ni kò bá èyí tó wà nínú ìwé driver mu, nítorí náà ọwọ́ ni a óò fi so wọ́n pọ̀. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máwùsì tẹ "Unknown device" yẹn, ẹ yan "Update driver", lẹ́yìn náà "Browse my computer for drivers", lẹ́yìn náà "Let me pick from a list of available drivers on my computer". Nínú ìlà gígùn tó máa jáde, ẹ wá "Xbox 360 Peripherals". Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ yan "Show All Devices", kí ẹ ní sùúrù kí àtòkọ náà kún tán, kí ẹ wá Microsoft ní apá òsì.

Orúkọ tí ẹ máa yan ni "Xbox 360 Wireless Receiver for Windows". Ẹ kà á dé ìparí kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Èyí tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ "Xbox 360 Controller for Windows" wà nítòsí rẹ̀, ti pádì oníwàyà nìyẹn. Òun ni mo kọ́kọ́ yàn, risífà kò sì tàn títí mo fi padà ṣe é. Windows máa kìlọ̀ pé kò dá òun lójú pé driver náà bá ẹ̀rọ yín mu. Ẹ tẹ "Yes". Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni iná risífà tèmi tàn ní àwọ̀ ewé. Mo so pádì pọ̀ mọ́ ọn, ó gbà, inú mi dùn gan-an.

Láàárín gééèmù ni bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í sá kúrò lẹ́sẹ̀ agbábọ́ọ̀lù. Mo tẹ bọ́tìnnì, ó pẹ́ kó tó dé. Mo fi ọwọ́ sílẹ̀, ẹni náà ṣì ń sáré lọ. Háàdì díìsìkì mi wà nínú ojú USB 3.0 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ risífà, mo sì mọ̀ pé USB 3.0 máa ń tú ariwo rédíò sí àyíká 2.4 GHz, Intel ti kọ àlàyé rẹ̀ síta láti ọdún 2012. Mo yọ risífà níwájú, mo fi sí ojú USB 2.0 lẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Iná rẹ̀ kú. Mo dá a padà sí iwájú, mo ṣèèṣì gbé e sí ojú mìíràn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tẹ́lẹ̀, kò tàn níbẹ̀ náà.

Mo gbé e padà sí Wuse. Ẹni tó tà á kì risífà náà bọ lápútọ́ọ̀pù tirẹ̀, kò tàn. Ó ní èmi ni mo jó o, pé iná ìjọba ló gbá a, òun ò sì lè gbà á padà. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ₦14,000 lọ́wọ́ bí ẹni gbá omi mú, mo sì gbà á gbọ́ láti ibẹ̀ dé Kubwa. Ohun tó ń múnú bí mi jù nìyí: risífà náà kò ṣe ohunkóhun. Lápútọ́ọ̀pù rẹ̀ kò lè tan iná risífà àfarawé tí ẹnikẹ́ni kò fi ọwọ́ yan driver fún lórí rẹ̀, ìbáà jẹ́ tuntun látinú páálí.

Ohun tó yẹ kí n ṣe kí n tó wọ ọkọ̀ nìyí. Nínú Device Manager, ẹ ṣí "Properties" ohun tí kò ní orúkọ náà, ẹ lọ sí "Details", ẹ yan "Hardware Ids". Bí ẹ bá rí VID_045E níbẹ̀, nọ́ńbà Microsoft nìyẹn, àfarawé náà sì ń gbé e wọ̀. Risífà yín wà láàyè, ó ń sọ orúkọ ara rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, driver ló kù. Bó bá jẹ́ VID_0000 ni ẹ rí, tí àkọlé rẹ̀ sì ń sọ̀rọ̀ "Device Descriptor Request Failed", ìgbà yẹn ni kí ẹ fura sí wàyà, ojú USB, tàbí risífà fúnra rẹ̀. Tèmi fi VID_045E hàn gbangba.

Kí ló wá dé tó fi kú nígbà tí mo gbé e kúrò? Ẹ̀rọ USB tó ní nọ́ńbà tirẹ̀ nìkan, tí a ń pè ní serial number, Windows máa mọ̀ ọ́n ní ojú yòówù tí ẹ bá fi sí. Èyí tí kò ní, ojú tó wà ni Windows fi ń rántí rẹ̀. Ẹ gbé e sí ojú mìíràn, àlejò ló dà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ojúlówó, Windows á tún fún un ní driver lójú ẹsẹ̀ láìbi yín léèrè. Àfarawé ò ní irú ànfààní yẹn, ọwọ́ ni ẹ óò tún fi yan driver fún un ní gbogbo ojú USB tuntun. Ìṣẹ́jú méjì niṣẹ́ náà, tí mo ti fi ọ̀sẹ̀ kan rò pé mo jó risífà. Mo lẹ tépù kékeré mọ́ ojú USB 2.0 ẹ̀yìn, ibẹ̀ ni mo ti tún driver yan, n kò sì gbé e kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà orí tábìlì, irin ni gbogbo rẹ̀, bí risífà bá wà níbẹ̀, irin àti ara ẹni tó jókòó á wà láàárín òun àti pádì. Wàyà ẹkisitẹ́ńṣọ̀n onímítà kan ni mo fi gbé e wá sí iwájú mónítọ̀, níbi tó ti ń rí pádì lójúkojú. Ẹkisitẹ́ńṣọ̀n lásán kì í yí ojú USB padà lójú Windows, ojú kan náà ni. Nítorí náà, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí ẹ so ó mọ́ ojú tí ẹ ti pinnu, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ driver rárá. Háàdì díìsìkì àti fláàṣì USB 3.0, ẹ gbé wọn sí apá kejì. Láti ìgbà náà, pádì mi kò pẹ́ ìdáhùn mọ́, bọ́ọ̀lù kò sì sá lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ìsopọ̀ fúnra rẹ̀ kò le. Ẹ tan pádì, ẹ tẹ bọ́tìnnì risífà, iná rẹ̀ á máa ṣẹ́jú, ẹ tẹ bọ́tìnnì kékeré tó wà lókè pádì nítòsí ojú wàyà. Iná mẹ́rin á yí kiri, ọ̀kan á dúró. Ẹ tẹ Windows àti R, ẹ kọ joy.cpl, ẹ fi dán gbogbo bọ́tìnnì àti igi ìdarí wò. Ẹ kíyè sí igi ìdarí tí kò bá padà sí àárín nígbà tí ẹ bá fi ọwọ́ sílẹ̀. Tòkunbọ̀ tó ti gba eruku ọyẹ́ sínú máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bátìrì AA méjì ni pádì ń lò, èyí tó ṣeé gba iná padà náà ń gbé e.

Lónìí, n kò ní bi ọlọ́jà léèrè pé adápútà wo ló bá pádì mu. Mo máa yẹ pádì fúnra rẹ̀ wò. Tí òrùka iná mẹ́rin bá yí bọ́tìnnì àárín pádì aláìníwàyà ká, 360 ni, risífà 360 nìkan ló gbà. Tó bá jẹ́ ti Xbox One, mo máa ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, mo máa yọ bátìrì, kí n ka nọ́ńbà tó wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ síbẹ̀. 1537 ti ọdún 2013 àti 1697 ti ọdún 2015 kò ní Bluetooth: Xbox Wireless Adapter, risífà tí Microsoft ṣe fún wọn, ni wọ́n nílò, kódà adápútà Bluetooth 8BitDo olówó gọbọi kò ní rí wọn. 1708 ti ọdún 2016 ní Bluetooth, bẹ́ẹ̀ náà ni 1914 ti ọdún 2020, tó jẹ́ ti Xbox Series X àti S. Ojú tún lè mọ̀ wọ́n: ní 1537 àti 1697, ike dídán tó yí bọ́tìnnì Xbox ká yàtọ̀ sí ike ojú pádì; ní 1708, ike kan náà ló bo gbogbo rẹ̀. Xbox Wireless Adapter kì í gba pádì 360, risífà 360 kì í sì í gba ti Xbox One. Ẹni tó bá fẹ́ fi ohùn bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ nínú pádì, kó má ra Bluetooth fún un: ihò earphone pádì Xbox kì í ṣiṣẹ́ lórí Bluetooth, àfi lórí Xbox Wireless Adapter tàbí wàyà.

Adápútà Bluetooth tí mo rà kò ṣòfò pátápátá, pádì PS4 ọmọ àbúrò mi ló ń lò ó báyìí. Ẹ tẹ Share àti PS pọ̀ títí iná rẹ̀ á fi máa ṣẹ́jú kíákíá, Windows á rí i. Bí lápútọ́ọ̀pù bá ti ní Bluetooth tirẹ̀ nínú tẹ́lẹ̀, ẹ pa á nínú Device Manager kí ẹ tó kì èyí tuntun bọ̀ ọ́, torí ẹyọ kan ni Windows ń lò lẹ́ẹ̀kan náà.

Risífà 360 kan ń gba pádì mẹ́rin. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ra pádì kejì, ₦9,000 náà ni. Mo tẹ bọ́tìnnì risífà, mo tẹ ti pádì, iná kejì dúró. Kò sí owó mìíràn lórí rẹ̀.