Bí ẹ ṣe máa wọ ọkọ̀ ojú irin Shinkansen láti Tokyo lọ sí Osaka

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ mọ orúkọ ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ wọ̀. Tokaido Shinkansen ti ń ná Tokyo sí Osaka láti ọdún 1964, orúkọ mẹ́ta ni àwọn ọkọ̀ rẹ̀ sì ń jẹ́. Nozomi ló yá jù. Tó bá ti kúrò ní Shinagawa àti Shin-Yokohama, ó di Nagoya, lẹ́yìn náà Kyoto, kó tó dé Shin-Osaka: nǹkan bíi wákàtí méjì ààbọ̀ fún kìlómítà 515. Hikari ń lo bíi mẹ́ta. Kodama ń dúró ní gbogbo ibùdókọ̀ 17, ó sì ń lo bíi mẹ́rin. Kì í ṣe pé kò lè sáré o. Ńṣe ló ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí Nozomi lè kọjá. Ẹni tó ń lọ sí Atami tó bá ṣèèṣì wọ Nozomi, Nagoya ló máa bá ara rẹ̀.

Tíkẹ́ẹ̀tì méjì lẹ máa gbà: ti owó ọ̀nà (joshaken) àti ti eré tí ọkọ̀ ń sá (tokkyuken). Nígbà míì, wọ́n á tẹ méjèèjì sórí ẹyọ kan. Tó bá jẹ́ méjì, ẹ kó wọn pọ̀, kí ẹ kì wọ́n bọ ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà ibùdókọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà; wọ́n á yọ ní òdìkejì. Tí ẹ bá ki ẹyọ kan, ilẹ̀kùn á pa dé. Ẹ má gbàgbé wọn síbẹ̀, torí ẹ máa lò wọ́n láti jáde.

Tí ọkọ̀ tí ẹ gba ìjókòó sí bá fi yín sílẹ̀ lọ, ìjókòó yẹn ti lọ nìyẹn, àmọ́ ẹ ṣì lè wọ kóòṣì tí kò ní nọ́ńbà ìjókòó nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́jọ́ náà. Lásìkò ọdún tuntun àti Obon (ọdún tí wọ́n fi ń rántí àwọn baba ńlá wọn), Nozomi kì í ní irú kóòṣì bẹ́ẹ̀, ẹ wo Hikari.

Ẹ wọn gígùn, ìbú àti nínípọn àpótí yín, kí ẹ ro ó pọ̀. Tó bá ju sẹ̀ǹtímítà 160 lọ, ẹ gba ìjókòó ìlà ẹ̀yìn tó ní àyè ẹrù. Kò lówó lórí, àmọ́ ẹni tí kò gbà á ṣáájú máa san yẹ́ẹ̀nì 1,000. Èyí tó bá ju 250 lọ, wọn ò ní gbà á rárá.

Ìjókòó E ni kí ẹ béèrè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ọwọ́ ọ̀tún. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá kúrò ní Tokyo, nítòsí Shin-Fuji, Òkè Fuji á yọ lẹ́yìn àwọn ṣímínì ilé iṣẹ́, òun nìkan gbáko, yìnyín funfun lórí. Àárọ̀ ìgbà òtútù ló ń hàn dáadáa jù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kùrukùru sábà máa ń bò ó. Tó bá sì jẹ́ pé àárín ló kù, B fẹ̀ díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ.

Shin-Osaka kọ́ ni Osaka o. Ibùdókọ̀ Osaka ló tẹ̀ lé e, ọkọ̀ ojú irin JR tó jẹ́ ti àárín ìlú sì ń gbé yín débẹ̀. Tí wọ́n bá kọ 大阪市内 (ìyẹn, inú ìlú Osaka) sórí tíkẹ́ẹ̀tì owó ọ̀nà yín, ẹ ò ní san owó míì: ẹ gba ẹnu ọ̀nà tí wọ́n fi ń pààrọ̀ ọkọ̀, ẹ ki méjèèjì bọ̀ ọ́, ẹ̀rọ á gbé ti eré mì, á sì dá ti owó ọ̀nà padà.