Bí a ṣe ń yan ìyá àti bàbá ìrẹsì kí èso ọmọ wọn lè pọ̀

Ìrẹsì tó rẹwà jù lóko kọ́ ló máa ń bí ọmọ tó dára jù. Ohun tí à ń wá ni ìyá àti bàbá tó jẹ́ pé ibi tí ọ̀kan kù sí, ibẹ̀ ni èkejì ti lágbára. Ẹ wo Peta, irú ìrẹsì kan ti Indonéṣíà: ó ga, ṣùgbọ́n tí ajílẹ̀ bá ti pọ̀, wíwó ló ń wó. Ní 1962, wọ́n dà á pọ̀ mọ́ Dee-geo-woo-gen ti Taiwan, tó kúrú, tó sì dúró ṣinṣin. Ọmọ wọn ni ìrẹsì IR8, tó jáde ní 1966.

Àárín oko ni kí ẹ ti yan. Èyí tó wà létí oko ń rí oòrùn àti ajílẹ̀ ju àwọn yòókù lọ; èso rẹ̀ tó pọ̀ lè má tinú ẹ̀jẹ̀ wá rárá. Ẹ mú ìdí 10 nínú irú kọ̀ọ̀kan. Ẹ ka èhù tó yọ ṣírí, kí ẹ sì fi ìka tẹ ọmọ orí ṣírí wò lẹ́yọ lẹ́yọ: èyí tó bá rọ̀ pẹlẹbẹ, ìyàngbò lásán ni. Ṣírí kúkúrú tó kún sàn ju gígùn tí ìdajì rẹ̀ ṣófo.

Kí méjèèjì lè tanná pa pọ̀, ẹ gbin bàbá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ọjọ́ 7 wà láàárín ìgbà kan sí èkejì.

Iṣẹ́ ọwọ́ ló kù. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ yan ṣírí ìyá tó ti yọ dé ìdajì. Ẹ gé òdòdó tó ti là àti àwọn kéékèèké ìsàlẹ̀ kúrò. Kí 30 sí 50 ṣẹ́kù. Ẹ fi àlùmọ́gàjí gé ìdá kan nínú mẹ́ta orí òdòdó kọ̀ọ̀kan ní ìdagun, kí ẹ wá fi ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ yọ àpò lẹ́búlẹ́bú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìyẹn ẹ̀yà akọ, tó wà nínú rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan ìyẹ́ funfun méjì, ìyẹn ẹ̀yà abo, tó wà láàárín. Bí àpò kan bá bẹ́, ẹ gé òdòdó náà dànù, torí ìrẹsì a máa gbọmọ fún ara rẹ̀. Ẹ fi àpò ìwé bò ó.

Lọ́jọ́ kejì, láàárín aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá àárọ̀, tí bàbá bá ti ń là, ẹ gbọn ṣírí rẹ̀ sórí ìyá, ẹ tún un bò, kí ẹ so àkọlé mọ́ ọn: orúkọ ìyá ṣáájú, ti bàbá tẹ̀ lé e, àti ọjọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ 25 sí 30, ẹ ká a. Ìhòòhò ni orí ọmọ yìí wà, ó sì tètè ń bu. Abẹ́ ìbòòji ni kí ẹ ti sá a.

Ní ìran kìíní, gbogbo ọmọ á jọra. Èyí tó bá dà bí ìyá rẹ̀ gẹ́lẹ́, ìyá nìkan ló dá a bí; ẹ fà á tu. Ìran kejì ló ń tú ká, gíga, kúkúrú, àtètèpọ́n àti alápẹ̀ẹ́pọ́n. Ẹ gbin 1000 ó kéré tán, kí ẹ yan lórí gíga, ọjọ́ pípọ́n àti àrùn nìkan. Ìwọ̀n èso di ìran kẹrin sókè, nígbà tí ẹ bá ti ń gbìn ín lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ìran kẹfà tàbí keje ló máa ń dúró sójú kan. Èyí náà ni kò fi yẹ kí àgbẹ̀ tó ra irúgbìn ìran kìíní tún ọmọ rẹ̀ gbìn: oko á tú ká, èso á sì dín.