Epo Ni Kí Ẹ Bá Wí, Ẹ Fi Àmàlà Sílẹ̀: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Ọbẹ̀ Ẹni Tó Fẹ́ Jò

Ẹ wo abọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pinnu pé òun fẹ́ dín ara kù. Àmàlà inú rẹ̀ kò ju ẹyin adìẹ lọ, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ ata tó wà lórí rẹ̀ ń dán yinrin, epo ti yí òkèlè náà ká bí odò ṣe ń yí erékùṣù ká. Bó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, á gorí òṣùwọ̀n, á rí i pé ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ló ṣì wà, á ní bóyá ìran àwọn ni kì í jò. Ìran kọ́. Àmàlà ló ń jẹ ìyà tó tọ́ sí epo.

Èmi náà ṣe àṣìṣe yìí fún bí oṣù mẹ́rin kí ojú mi tó là. Gíráàmù kan gààrí gbígbẹ, èlùbọ́ tàbí ìrẹsì kò ju kálórì 4 lọ (kálórì ni a fi ń wọn agbára tí oúnjẹ ń fún ara). Gíráàmù kan òróró jẹ́ 9. Ṣíbí ìjẹun kan tó kún fún òróró, nǹkan bíi gíráàmù 14, jẹ́ bíi kálórì 120. Ta ló sì ń fi ṣíbí wọn epo nílé yín? Kẹ́ẹ̀gì la máa ń gbé, a óò máa dà á títí ọkàn wa yóò fi balẹ̀. Ẹ fi agolo mílíìkì olómi wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan péré kí ẹ rí i: agolo kan ṣoṣo lé ní kálórì 1,200. Ìkòkò ọbẹ̀ ènìyàn mẹ́fà lè gba agolo méjì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú ilé pè é ní ọbẹ̀ elépo. Ata, tòmátì, tàtàṣé àti àlùbọ́sà inú ìkòkò kan náà kò ṣe yín ní nǹkan kan, nítorí omi ló pọ̀ jù nínú wọn. Èyí ló fà á tí mo fi ń sọ pé ọbẹ̀ ata wa wà lára ohun tó rọrùn jù lọ fún ẹni tó fẹ́ jò, bí a bá lè gba kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ alásè.

Àwọn kan gbọ́ pé epo ni ọ̀tá, wọ́n sáré lọ ra epo olífì olówó ńlá, wọ́n sì ń dà á bí wọ́n ṣe ń da ti tẹ́lẹ̀. Epo olífì dára fún ọkàn ju àwọn epo bí epo pupa àti epo àgbọn lọ, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ní ti kálórì, òun, òróró ẹ̀pà, epo àgbọn àti epo pupa, ọgbọọgba ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni òróró tí wọ́n kọ ọ́ sára ìgò rẹ̀ pé kò ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù (èròjà kan tó dà bí ọ̀rá). Òróró ẹ̀pà tàbí ti sóyà wo ló ní in tẹ́lẹ̀? Ara ẹran, ẹyin àti wàrà la ti ń rí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá kọ ọ́ sára omi inú ọ̀rá pé kò ní egungun.

Nígbà tí èmi wá gbọ́n, mo tún gbọ́n kọjá ààlà. Mo lọ ata, mo dà á sínú ìkòkò, mo bomi sí i, mo sọ mágì mẹ́ta sínú rẹ̀, mo gbé e kaná fún ogún ìṣẹ́jú. Kò sí ẹ̀kán epo kan níbẹ̀. Ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ náà. Wọ́n fi ìka tọ́ ọbẹ̀ náà wò, wọ́n wojú mi.

"Ìyàwó mi, ara ta ni ò yá nínú ilé yìí?"

Mo ní ara gbogbo wa yá, mà, pé mo fẹ́ jò díẹ̀ ni.

"Ìwọ lo fẹ́ jò, kí ló wá dé tí ata ò fi jinná?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Yíyọ epo láìfi nǹkan kan dí àyè rẹ̀ ló ń mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn sá padà sídìí ọbẹ̀ elépo láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Iṣẹ́ mẹ́ta ni epo gbígbóná ń ṣe nínú ìkòkò: ó ń lé omi inú ata lọ, ó ń pa kíkan tòmátì, ó sì ń mú kí adùn inú àlùbọ́sà àti tàtàṣé jáde. Ẹni tó bá lé epo kúrò gbọ́dọ̀ wá ẹlòmíràn tí yóò ṣe iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Iná ni, àti sùúrù.

Bí wọ́n ṣe kọ́ mi lọ́jọ́ náà ni mo ṣe ń ṣe é títí di òní. Ẹ sun tàtàṣé, tòmátì àti àlùbọ́sà tí ẹ là sí méjì lórí iná èédú, tàbí kí ẹ yan wọ́n nínú páànù gbígbẹ lórí gáàsì, títí èèpo wọn yóò fi dúdú níbi níbi. Ẹ má ṣe sun ata rodo mọ́ wọn bí fèrèsé bá wà ní títì o, àfi bí ẹ bá fẹ́ kí ikọ́ lé gbogbo ará ilé jáde. Ẹ lọ gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí omi má ṣe pọ̀ níbẹ̀. Ẹ wá sè é, kí ẹ má ṣe dé ìkòkò, títí omi yóò fi fà tán, tí ṣíbí bá gba ìdí ìkòkò kọjá, kí ọbẹ̀ má tètè padé lẹ́yìn rẹ̀. Ó lè tó wákàtí kan. Bó bá fẹ́ jóná mọ́ ìdí, ṣíbí omi ẹran méjì ni kí ẹ fi tú u.

Omi ẹran náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ìṣàn wúrà tó léfòó lójú omi adìẹ tí ẹ bọ̀ tawọtawọ, ọ̀rá ni. Ẹ gbé e sínú fìríìjì di ọjọ́ kejì, ọ̀rá yẹn á dì lójú rẹ̀ bí àbẹ́là, ẹ fi ṣíbí ká a kúrò. Ohun tó kù nísàlẹ̀ ló ní adùn tí ẹ ń wá.

Ẹ ò gbàgbé mágì mẹ́ta tí mo sọ sínú ọbẹ̀ mi? Ibi tí ọ̀pọ̀ tó fẹ́ jò ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé nìyẹn. Epo lọ, iyọ̀ gba ipò rẹ̀. Kálórì mágì kò tó nǹkan, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ìdì rẹ̀, iyọ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ kọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, ìyẹn bíi ṣíbí ìpo tíì kan, àti ti inú búrẹ́dì, àti ti inú indomie, àti ti inú ọbẹ̀. Yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀ ríru, iyọ̀ máa ń dá omi dúró lára. Ẹni tó jẹ ọbẹ̀ oníyọ̀ lálẹ́ lè gorí òṣùwọ̀n láàárọ̀ kó rí i pé òun tún wúwo sí i, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé gbogbo wàhálà òun já sásán.

Irú ni àwọn ìyá wa fi ń ṣe iṣẹ́ yẹn kí mágì tó dé. Hóró inú èso igi irúgbá tí wọ́n sè, tí wọ́n wá bò mọ́lẹ̀ títí ó fi wú, ti di nǹkan mìíràn: adùn tí ilé iṣẹ́ ń wá lọ sínú mágì ti wà nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Irú wooro ni mo ń lò fún ẹ̀fọ́, mo ń fi pẹ̀tẹ̀ sínú ewédú. Ẹ kàn tọ́ ọ wò kí ẹ tó sọ ọ́ sínú ìkòkò, nítorí àwọn tó ń tà á máa ń fi iyọ̀ sí i kó má bàa bàjẹ́. Ẹ ṣàn án bó bá ti pọ̀. Ẹ fi edé gígún sí i, àti ẹja gbígbẹ tí èèfín ti wọ̀ dáadáa. Bí ẹ bá sọ ọ́ kalẹ̀ tán, ẹ já ẹfinrin sí i, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i lórí. Kíkan díẹ̀ yẹn máa ń tan ahọ́n pé iyọ̀ ti tó.

Orúkọ ọbẹ̀ máa ń tan ni jẹ. Ẹni tó gbọ́ "ẹ̀fọ́" á rò pé ewé ni òun ń jẹ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gúsí ló bo ewé mọ́lẹ̀. Ẹ̀gúsí dára, prótéènì wà nínú rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì rẹ̀ jẹ́ epo kí ẹ tó wá fi epo pupa sí i. Ọwọ́ díẹ̀ ni kí ẹ fi bù ú. Ọbẹ̀ ọ̀fadà àti ata ẹ̀wà àgànyìn, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, inú epo ni wọ́n ń gbé. Ẹ fi wọ́n sí ọjọ́ àríyá. Ewédú àti ilá ni kò ní ẹ̀bi rárá. Ẹ bù wọ́n kún abọ́, kí ọbẹ̀ ata wá jẹ́ ṣíbí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí gbẹ̀gìrì bá wà níbẹ̀, tí ẹni tó sè é kò da epo lé e, inú á kún, á sì pẹ́ kí ebi tó padà dé.

Àwọn tó sá kúrò nídìí ọbẹ̀ lọ sídìí sàláàdì nkọ́? Kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì kò ṣe nǹkan kan, salad cream àti mayonnaise tí wọ́n fi wẹ̀ wọ́n ló ń ṣiṣẹ́ ibi. Ṣíbí ìjẹun kan mayonnaise sún mọ́ kálórì 100, kò sì sẹ́ni tó ń fi ṣíbí kan mọ. Ketchup kò ní ọ̀rá, àmọ́ ṣíbí ìjẹun kan rẹ̀ gbé bíi ṣíbí tíì kan ṣúgà. Èyí tí wọ́n kọ "light" sí lára, ẹ wo iye tó wà nínú gíráàmù 100 rẹ̀ kí ẹ tó gbà wọ́n gbọ́. Ìgbà mìíràn wọ́n yọ ọ̀rá, wọ́n fi ṣúgà dí i. Tèmi, yọ́gọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà ni mo ń pò mọ́ ọsàn wẹ́wẹ́, aáyù gígún àti ata gbígbẹ. Ṣíbí kan rẹ̀ kò ju bíi kálórì 10 lọ. Kì í ṣe yọ́gọ́ọ̀tì inú ike tí wọ́n ń tà nínú gosiló o. Ṣúgà inú ìyẹn, ẹ ò ní fẹ́ mọ̀.

Ẹ má sì ṣe lé epo jáde pátápátá. Èròjà inú ẹ̀fọ́ tí ara ń sọ di fítámì A ń fẹ́ ọ̀rá díẹ̀ kí ara tó lè gbà á, epo pupa fúnra rẹ̀ sì ní irú èròjà bẹ́ẹ̀, bí ẹ kò bá ti yọ́ ọ lórí iná títí àwọ̀ rẹ̀ fi ṣí. Ìgbà tí ẹ ń fi í sí i ni ọgbọ́n wà. Bí ẹ bá dà á sínú ìkòkò níbẹ̀rẹ̀, ata á mu ún, ẹ ò ní gbóòórùn rẹ̀, ẹ óò tún dà sí i. Ẹ jẹ́ kí ọbẹ̀ jinná tán, kí ẹ wá fi ṣíbí ìjẹun méjì ká a lójú kí ẹ tó sọ ọ́ kalẹ̀. Fún ènìyàn mẹ́fà, bíi kálórì 40 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, òórùn rẹ̀ á sì pàdé yín lẹ́nu ọ̀nà.

Àṣìṣe kan kù tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi tẹ́lẹ̀, ọbẹ̀ tó kan ló kọ́ mi. Ọbẹ̀ tí a fi epo dín dáadáa, omi rẹ̀ ti lọ, ó lè fara dà á díẹ̀ lórí sítóòfù. Èyí tí kò lépo tó bẹ́ẹ̀ kì í fara dà á. Bí ẹ bá sì ń gbé e kaná láràárọ̀ kó má bàa kan, omi rẹ̀ á máa dín, iyọ̀ rẹ̀ á máa le, nígbà tó bá fi di ọjọ́ kẹta, ọbẹ̀ oníwọ̀ntúnwọ̀nsì ti di omi òkun. Ẹ pín in sínú abọ́ kéékèèké, kí ẹ jẹ́ kó dì, ẹyọ kan ni kí ẹ máa mú. Níbi tí iná mànàmáná kì í bá dúró, èyí tó máa tó ọjọ́ méjì péré ni kí ẹ sè. Lálẹ́ Sátidé àti lálẹ́ Ọjọ́rú ni mo máa ń sè tèmi. Bí ìyá ọkọ mi bá wà nílé, wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á yìn mí, wọ́n á wá lọ bu epo díẹ̀ sí tiwọn.