Bí Ẹ Ṣe Lè Ra Cadillac ATS, Kí Ẹ Lò Ó, Kí Ẹ sì Tà Á Láìjẹ Gbèsè

Cadillac ATS ni sẹ̀dánì kékeré tí Cadillac gbé jáde lọ́dún 2012, gẹ́gẹ́ bí mọ́tò ọdún 2013, láti fi kojú BMW 3 Series. Ìlú Lansing ní ìpínlẹ̀ Michigan ni wọ́n ti ń tò ó, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ North American Car of the Year lọ́dún 2013. Nǹkan bíi $34,000 ni èyí tó rẹlẹ̀ jù nínú wọn nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Lọ́dún 2018 ni wọ́n dáwọ́ sẹ̀dánì náà dúró. Ní báyìí, kì í ṣe nǹkan tuntun kí ẹ rí Camry tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ orí kí ó wọ́n jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ nígbà tí àwọn méjèèjì wà ní tuntun, Camry kò sún mọ́ ọn lówó rárá.

Ohun tó jẹ́ kí owó rẹ̀ já bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Àwọn tó ń gba irú mọ́tò yìí ní lísì, ìyẹn ìyálò, pọ̀, ọdún mẹ́ta ni wọ́n máa ń lò ó kí wọ́n tó dá a padà, gbogbo rẹ̀ á wá ya sọ́jà lẹ́ẹ̀kan náà. Dílà máa ń dín owó tuntun kù gan-an, tuntun tó sì ti lọ sílẹ̀ ló ń fa àlòkù sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni orúkọ ATS fúnra rẹ̀ kúrò nílẹ̀, tí CT4 gba ipò rẹ̀. Ẹni tó rà á ní tuntun ló ti san gbogbo ìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ̀yin lẹ máa jẹ àǹfààní rẹ̀, bí ẹ bá ti mọ ohun tó kù tó ṣì lè jẹ owó yín: táítù (ìwé tó fi ẹni tó ni mọ́tò hàn), síkíríìnì, jíà, àti ìwé ìtọ́jú. Nǹkan mẹ́rin yìí ni ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ yín lọ́la náà yóò wò.

Èwo ni kí ẹ rà?

Bí a bá yọ ATS-V kúrò, ẹ́ńjìnì mẹ́ta ló wà. 2.5 tí kò ní tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnì kí agbára rẹ̀ lè pọ̀), agbára ẹṣin 202, kò yá púpọ̀, ṣùgbọ́n kò ní wàhálà, epo lásán tó jẹ́ 87 ló ń mu. Ó parí sí ọdún 2016. 2.0 tó ní tọ́bò, agbára ẹṣin 272, òun ló pọ̀ jù lọ́jà, epo olówó gọbọi sì ni wọ́n ní kí ẹ máa rà sí i. Ẹ̀kẹta ni 3.6 V6: 321 títí di 2015, 335 láti 2016. Ní ti jíà, 2.0 àti 3.6 lo jíà onípele mẹ́fà títí di 2015, wọ́n sì bọ́ sí onípele mẹ́jọ lọ́dún 2016.

Bó bá jẹ́ tiwa, 3.6 ọdún 2014 tàbí 2015 ni ká wá. Kò ní tọ́bò, epo 87 tó o, jíà rẹ̀ kì í ṣe onípele mẹ́jọ tó ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ rẹ̀ la ṣì ń bọ̀ wá sọ nísàlẹ̀. Ní àwọn ìpínlẹ̀ tí yìnyín ti ń já, ẹ jẹ́ kó jẹ́ èyí tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wà, torí ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ yín yóò béèrè.

Bí ẹ bá ń wo Lincoln MKZ pẹ̀lú rẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún 2.0 oní-tọ́bò ọdún 2017 sí 2019, torí omi ẹ́ńjìnì máa ń wọ inú sìlíńdà rẹ̀, àtúnṣe rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ ẹ́ńjìnì. V6 3.7 rẹ̀ ní pọ́ǹpù omi tó wà nínú ẹ́ńjìnì gan-an, ṣéènì ló ń wà á. Bó bá ń jò, omi lè lọ pò mọ́ ọ́ìlì. Èyí tó jẹ́ háíbíríìdì ni ọkàn wa balẹ̀ sí jù nínú wọn.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ lọ wò ó ní àárọ̀, kí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣì tutù. Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bó bá ti gbóná, ẹni tó ń tà á ti tan ẹ́ńjìnì sílẹ̀ kí ariwo tàbí èéfín òwúrọ̀ má baà hàn sí yín.

Ẹ kọ nọ́ńbà VIN sílẹ̀, ó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, ó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú lọ́wọ́ awakọ̀ àti lára férémù ilẹ̀kùn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò mọ́tò, láti mọ̀ bóyá àtúnṣe kan wà tí ilé iṣẹ́ pe mọ́tò padà fún tí wọn ò tíì ṣe. Ọ̀fẹ́ ni dílà Cadillac máa ń ṣe é. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́ sórí VINCheck ti NICB, àjọ àwọn adójútòfò tó ń gbógun ti olè mọ́tò, ọ̀fẹ́ lòun náà, yóò sọ bí wọ́n bá jí mọ́tò náà tí wọn ò tíì rí i tàbí bí ilé iṣẹ́ adójútòfò bá ti kà á sí èyí tó bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Táítù tó bá ti ní àkọlé "salvage" (ó ti bàjẹ́ gan-an rí) tàbí "rebuilt" (wọ́n ti tún un tò lẹ́yìn ìyẹn), ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹ lè rí i ní owó pọ́ọ́kú lónìí, àmọ́ owó pọ́ọ́kú kan náà ni wọn yóò fún yín lọ́la, báǹkì púpọ̀ kò sì ní yá ènìyàn lówó sórí rẹ̀.

Ẹ̀yin ará Houston, ẹ wo ti omíyalé dáadáa. Lẹ́yìn ìjì Harvey lọ́dún 2017, mọ́tò tó mu omi kún ọjà. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí tí yóò fi dópin; ilà ẹrẹ̀ tàbí àwọ̀ pípọ́n tó bá wà ní ìdí rẹ̀ kì í purọ́. Ẹ wo irin tí àga ń rìn lórí rẹ̀ bóyá ó ti dípẹtà, kí ẹ sì ti ìka bọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí òórùn ìpara bá pọ̀ jù nínú mọ́tò, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń fi bò.

Ẹ so skánà OBD2 kékeré, ẹ̀rọ tó ń ka ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà mọ́tò, mọ́ ọn, èyí tí kò ju $20 sí $30 lọ tó. Kì í ṣe kóòdù nìkan ni kí ẹ wò. Ẹ wo bóyá àwọn àyẹ̀wò tí kọ̀ǹpútà mọ́tò ń ṣe fúnra rẹ̀ ti parí. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò bá tíì parí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti pa ojú iná ẹ́ńjìnì rẹ́ lánàá tàbí kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú bátìrì rẹ̀.

Táyà ńkọ́? Púpọ̀ nínú ATS ló bá táyà run-flat (èyí tó ṣì lè rìn díẹ̀ bó bá tiẹ̀ jò) wá, kò sì sí táyà ìpààrọ̀ nínú búùtù. Táyà mẹ́rin irú ìyẹn wọ́n. Ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT lára táyà: 3521 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2021. Bó bá ti lé ní ọdún mẹ́fà, ẹ yọ owó táyà kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san.

Síkíríìnì CUE

Bí ẹ bá ti wọ inú ATS, ojú CUE, ìyẹn síkíríìnì ìfọwọ́kàn tí wọ́n fi ń darí rédíò, ni kí ojú yín kọ́kọ́ lọ. Láti 2013 dé 2017 ni àìsàn yìí ti wọ́pọ̀. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti etí bí ìléròrò kékeré tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò ya kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí òwú aláǹtakùn. Ẹ fọwọ́ kàn án, kò dáhùn. Ẹ mú ọwọ́ kúrò, ó ń pààrọ̀ rédíò fúnra rẹ̀. Ìpele tí ìka ń kàn ló ti ya kúrò lára jẹ́ẹ̀lì tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ra, oòrùn àti otútù tó ń gbà á kiri ló fà á. Síkíríìnì tó ń fi àwòrán hàn lábẹ́ rẹ̀ kò ní nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ san iye tó lé ní $1,000 tí dílà sábà máa ń gbà láti pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Ìpele ìfọwọ́kàn nìkan, èyí tí kò ní jẹ́ẹ̀lì nínú, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní nǹkan bíi $100 tàbí kó dín díẹ̀.

Wákàtí méjì tó fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀. Ẹ wá ọ̀pá ike pẹlẹbẹ tí kì í ha nǹkan, sókẹ́ẹ̀tì 7 mm, àti síkúrúdíráfà Torx kékeré. Ẹ tú okùn nẹ́gátífù bátìrì, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá nítorí báàgì afẹ́fẹ́. Ẹ fi ọ̀pá ike ṣí àwọn ike ẹ̀gbẹ́ síkíríìnì díẹ̀díẹ̀; ìdè ike kékeré ló mú wọn, ní ọjọ́ otútù wọn a máa ṣẹ́, ẹ jẹ́ kí inú mọ́tò kọ́kọ́ móoru. Ẹ tú síkúrù, ẹ ya fọ́tò gbogbo wáyà kí ẹ tó yọ wọ́n, kí ẹ sì gbé odindi rẹ̀ lọ sórí tábìlì tí ẹ ti tẹ́ aṣọ ìnura sí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́ ni wáyà pẹlẹbẹ tó dà bíi ríbọ́ọ̀nù. Ẹ má fà á. Ìdè kékeré kan wà lẹ́nu ibi tó wọ̀. Ẹ fi èékánná gbé e sókè, wáyà náà á jáde fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ti to tuntun tán, ẹ má tíì dè é pa. Ẹ so wáyà, ẹ dá bátìrì padà, kí ẹ fọwọ́ kan igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti àárín. Bí igun kan kò bá dáhùn, wáyà ríbọ́ọ̀nù kò wọlé tán ni. Kò sí pé dílà tún ń fi kọ̀ǹpútà kọ́ ọ. Ẹ wá ra ìbojú oòrùn sí gíláàsì iwájú.

Jíà onípele mẹ́jọ

Fún èyí tó jẹ́ 2016 sókè, ẹ gbé e lọ sí márosẹ̀. Láàárín 25 sí 80 máìlì ní wákàtí kan, ẹ fẹsẹ̀ lé pẹ́dà tó ń mú mọ́tò sáré fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bó bá ń gbọ̀n bí ẹni pé ẹ ń gba orí àwọn ìlà gbágungbàgun ẹ̀gbẹ́ títì, òun nìyẹn. Ọ́ìlì jíà tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, kúlọ́ọ̀ṣì inú tọ́ọ̀kì kọ̀nfátà (ẹ̀yà tó so ẹ́ńjìnì mọ́ jíà) á wá máa dì, á máa yọ̀. Ọ̀nà àbáyọ ni kí wọ́n fọ gbogbo rẹ̀ jáde pátá, kí wọ́n fi Mobil 1 Synthetic LV ATF HP rọ́pò. Kí wọ́n má kàn da èyí tó wà nínú páànù nù, torí púpọ̀ yóò ṣẹ́ kù sínú kọ̀nfátà, á sì ba tuntun jẹ́. Kò ní ọ̀pá ìwọ̀n. Orí ẹ̀rọ agbọ́kọ̀sókè ni wọ́n ti ń wọn ọ́ìlì rẹ̀, kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́, kí ọ́ìlì sì gbóná dé ìwọ̀n kan pàtó. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀bá ọ̀nà. Onípele mẹ́fà ní tirẹ̀, Dexron VI ló ń lò. Ẹ má ṣì wọ́n lò.

Bó bá ṣì ń gbọ̀n lẹ́yìn ìyẹn, kọ̀nfátà ló kù kí wọ́n pààrọ̀, owó ńlá sì ni. Ẹ má ra èyí tó ń gbọ̀n ní ìrètí pé ọ́ìlì yóò wò ó sàn.

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì

2.0 oní-tọ́bò kò fẹ́ àfira. Ọ́ìlì tó ní àmì dexos1 ni kí ẹ lò, máìlì 5,000 ni kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má dúró de ohun tí dáṣíbọ́ọ̀dù bá sọ. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ẹ bá wà ní jíà òkè, tí ẹ́ńjìnì ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lójijì, epo lè gbiná kí pílọ́ọ̀gì tó tan iná. Irú ìgbiná bẹ́ẹ̀ ló máa ń fọ́ písítínì. Ẹ kó gbogbo rìsíìtì pamọ́ sínú àpò ìwé kan pẹ̀lú ọjọ́ àti iye máìlì. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tà á, àpò yẹn níye lórí ju fífọ̀ àti dídán lọ.

Owó báǹkì

Ẹ má gba ẹ̀yáwó oṣù 72 sórí mọ́tò tí owó rẹ̀ ń sáré sílẹ̀. Ká ní ẹ yá $18,000 láìsan nǹkan kan sílẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan àbọ̀, ẹ lè ṣì jẹ báǹkì ní $14,000 nígbà tí mọ́tò ò ju $11,000 lọ. Bí ẹnì kan bá kọlù yín, tí mọ́tò bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, iye tí mọ́tò jẹ́ ni adójútòfò yóò san, $3,000 tó kù di tiyín. Ẹ san ìdá márùn-ún kan sílẹ̀, kí ẹ fi sí oṣù 48. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ ra ìdójútòfò GAP, èyí tó ń san ìyàtọ̀ tó wà láàárín gbèsè yín àti iye tí mọ́tò jẹ́, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè iye rẹ̀ lọ́wọ́ adójútòfò yín kí ẹ tó gba ti dílà.

Ọjọ́ títà

Ẹ tà á kó tó kọjá máìlì 100,000, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó ń wá mọ́tò lórí íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń fi iye yẹn ṣe ààlà. Kọ́kọ́rọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ wà.

Ẹ gba iye lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Iye tí CarMax, ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ra àlòkù mọ́tò, bá sọ ń dúró fún ọjọ́ méje, ẹ lè fi ṣe ìpìlẹ̀. Ẹ wá ṣírò owó orí mọ́ ọn. Ní Texas, 6.25% ni owó orí mọ́tò, wọ́n sì máa ń yọ iye mọ́tò tí ẹ fi ṣe pààrọ̀ kúrò kí wọ́n tó ṣírò rẹ̀. Bí ẹ bá ń ra mọ́tò $30,000, tí dílà gba ATS yín ní $10,000, ẹ ti dá $625 sí. Oníbàárà ìta tó bá ní $10,500 lòun ń san kò tíì dé ibẹ̀. Ní California, wọn kì í yọ ọ́, nítorí náà ẹ tà á fún ẹni tó bá san jù.

Àwọn kan máa ń rò ó pé kí wọ́n kúkú fi ránṣẹ́ sílé, kí wọ́n tà á bíi tòkunbọ̀ ní Berger. Tiwa ni pé kí ẹ má ṣe é. Mọ́tò náà rẹlẹ̀ fún gálọ́ọ́pù, epo tí tọ́bò rẹ̀ fẹ́ kì í wà níbi gbogbo, àwọn oníṣòwò Ládipọ̀ sì mọ Toyota àti Honda ju bí wọ́n ṣe mọ ọn lọ. Ẹ̀yà ara tí ẹ kò bá rí níbẹ̀, Amẹ́ríkà lẹ tún máa ti rà á ránṣẹ́, ẹni tó fẹ́ rà á lọ́wọ́ yín náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bó bá jẹ́ ẹni ìta ló rà á, ẹ pàdé nínú báǹkì tirẹ̀, kí akọ̀wé báǹkì kọ ìwé owó náà lójú yín. Ẹ má fọwọ́ sí táítù kí ẹ fi àyè orúkọ ẹni tó rà á sílẹ̀ lófìfo. Ní Texas, ẹ jọ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù 130-U (ìwé ìbéèrè fún táítù tuntun), ẹ tú àwo nọ́ńbà, ẹ já àmì owó ibodè ojú ọ̀nà (toll tag) lára gíláàsì, kí ẹ sì fi tó TxDMV, ilé iṣẹ́ ìjọba Texas tó ń rí sí ọ̀rọ̀ mọ́tò, létí láàárín ọjọ́ 30 pé ẹ ti tà á. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbèsè ibodè rẹ̀ yóò máa wá sílé yín. Ẹ pa nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì ilé yín rẹ́ kúrò nínú CUE, ẹ sì pe OnStar, iṣẹ́ ìrànwọ́ orí fóònù tó wà nínú mọ́tò náà, kí wọ́n yọ orúkọ yín kúrò kí ẹni náà tó wà á lọ.