Bí ẹ ṣe lè fi LED méjìlá tó ń yí kọ Ọ̀FÀ, kí àmì rẹ̀ sì pé

Ojú wa kì í tètè gbàgbé ìmọ́lẹ̀. Bí LED bá ń yí, tó sì ń padà tàn síbì kan náà kí ojú tó gbàgbé, ńṣe ló máa dà bíi pé iná náà dúró síbẹ̀. Bí ọ̀pá tí LED tò sí lára ṣe ń kọ̀wé sínú afẹ́fẹ́ nìyẹn. Ìyípo 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn 1,500 ní ìṣẹ́jú kan, dára gan-an. Tó bá fi wá sí ìsàlẹ̀ 15, ọ̀rọ̀ á máa ṣẹ́jú.

LED mẹ́jọ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é máa ń lò, torí lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kò gbà ju ìlà méje lọ. Kò tó fún Yorùbá. Ẹ fi mẹ́jọ kọ Ọ̀FÀ, àmì orí á lọ, àmì ìsàlẹ̀ á lọ, OFA ló máa kù, ìyẹn kì í sì í ṣe orúkọ ìlú kankan ní Kwara. Méjìlá ni kí ẹ lò: láti ìta wá sí inú, méjì fún àmì ohùn, ọ̀kan tí kò ní tàn, méje fún lẹ́tà, ọ̀kan tí kò ní tàn, ọ̀kan tó kù fún àmì ìsàlẹ̀.

Ohun tí ẹ máa rà: Arduino Nano kan (kọ̀ǹpútà kékeré tó máa darí LED), LED pupa oní-3 mm méjìlá, resistor 330 ohm méjìlá àti 10k kan, sensor A3144 tó ń gbọ́ òòfà, òòfà kékeré tó lágbára, bátìrì lithium 3.7 V tó jẹ́ 500 mAh, MT3608 tó máa gbé iná bátìrì sókè sí 5 V, TP4056 tí ẹ máa fi gba iná sí bátìrì náà, kapásítọ̀ 100 µF kan, Vero board (pátákó oníhò tí a máa ń to LED sí), àti swíìṣì kékeré. Ní Ìlọrin, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè láti Challenge, láàárín àwọn tó ń tún fóònù ṣe. Ẹ wá fáànù alágbára bátìrì oní-ínǹṣì 16 tí bátìrì rẹ̀ ti kú lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún fáànù ṣe. Mọ́tò 12 V rẹ̀ ni a fẹ́ àti àgò rẹ̀. Ẹ má ju àgò náà nù. Àwọn tó ń ṣe fèrèsé alumínọ́ọ̀mù á ní àjákù pẹlẹbẹ tó gùn ní 30 cm.

Ẹ lu ihò sí àárín pẹlẹbẹ náà gẹ́lẹ́, kó bá ọ̀pá mọ́tò mu. Ẹ fi téèpù dúdú bò ó kó má baà fa ṣọ́ọ̀tì. LED tó wà nínú pátápátá máa wà ní 9 cm sí àárín, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e ní ihò Vero méjì-méjì, ìyẹn 5 mm, kí èyí tó kẹ́yìn lè dé nǹkan bíi 14.5 cm. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù nìkan dè wọ́n. Ní 25 ìyípo, orí ọ̀pá náà ń sáré tó 85 km láàárín wákàtí kan, ohun tó bá wúwo tó gíráàmù 10 níbẹ̀ á máa fa ara rẹ̀ jáde bíi pé ó wúwo ju kílò mẹ́ta ààbọ̀ lọ. Bóòtù, nọ́ọ̀tì àti cable tie ni kó dì í mú.

Ìdí nìyẹn tí bátìrì fi gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àárín, kí ẹ sì fi òjé (solder) jó wáyà mọ́ ọn. Ẹ má lo ilé bátìrì onísípíríìngì. Bí ẹ bá gbé e síbẹ̀ lọ́nà tí sípíríìngì fi kọjú síta, bátìrì á tẹ sípíríìngì, iná á já, Nano á sì máa tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí eré bá pọ̀ nìkan. Ẹ̀bi náà kì í hàn lórí tábìlì.

Kí ẹ tó so ó mọ́ mọ́tò, ẹ fi ìṣó kọ́ ọ láti ihò àárín. Ẹ̀gbẹ́ tó bá wúwo á lọ sísàlẹ̀. Ẹ máa fi wọ́ṣà sí ẹ̀gbẹ́ kejì títí ọ̀pá á fi dúró síbikíbi tí ẹ bá dá a dúró sí. Ẹ má kánjú níbí. Ọ̀pá tí kò dọ́gba á gbọn fáànù, lẹ́tà á sì máa wárìrì, kò sí kóòdù tó lè tún un ṣe.

Sensor orí ọ̀pá ló máa ń sọ fún Nano pé ìyípo tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Bí ojú tí wọ́n kọ nǹkan sí bá kọjú sí yín, ẹsẹ̀ òsì ni 5 V, àárín ni GND, ọ̀tún ni OUT. OUT lọ sí D2, ẹsẹ̀ kan lára Nano, 10k wà láàárín OUT àti 5 V. Ẹ gbé òòfà sí àgò ẹ̀yìn, kó jìnnà sí mọ́tò díẹ̀ torí mọ́tò náà ní òòfà nínú, kí àyè 4 mm sì wà láàárín òun àti sensor. Ẹ fi mítà wò ó: OUT gbọ́dọ̀ já láti 5 V sí òdo bí òòfà bá sún mọ́ ọn. Bí kò bá já, ẹ yí òòfà padà, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni A3144 ń gbọ́. Ẹ má sì fún un ní 3.7 V, torí 4.5 V ni ó kéré jù fún un.

Lára ẹsẹ̀ Nano, A0 dé A5 ni LED mẹ́fà ìta, D8 dé D13 ni mẹ́fà inú, kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú 330 ohm rẹ̀. Bí gbogbo wọn bá tàn pọ̀, wọn ò ní gbà ju nǹkan bíi 110 mA lọ; 200 mA ni òpin àpapọ̀ tí Nano lè gbà. Kapásítọ̀ 100 µF wà láàárín 5 V àti GND.

Nínú kóòdù, ẹ má lo delay (àṣẹ ìdúró) tí ẹ dá iye sí fúnra yín. Bí agbára iná tó ń lọ sí mọ́tò bá ń lọ sílẹ̀, eré á yí padà, ọ̀rọ̀ á sì máa rìn kiri. Bí sensor bá ti gbọ́ òòfà, ẹ fi micros(), ìyẹn aago inú Nano, wọn àkókò ìyípo tó kọjá, kí ẹ pín in sí òpó 180, ìyẹn ìlà tínrín-tínrín tí a fi ń ya lẹ́tà. Ní 25 ìyípo, òpó kọ̀ọ̀kan máa gba nǹkan bíi 222 microsecond (mílíọ̀nù kan rẹ̀ ni ìṣẹ́jú àáyá kan). Ẹ tan LED fún ìdá méjì nínú mẹ́ta àkókò yìí, kí ẹ pa á fún ìyókù, kí òpó má baà lẹ̀ mọ́ra. Òpó márùn-ún Ọ̀ nìyí:

0x1F0, 0x209, 0xA0A, 0x208, 0x1F0

Bí x bá jẹ́ òpó kan, PORTC = x & 0x3F; PORTB = x >> 6; ló máa gbé e jáde lẹ́ẹ̀kan náà. digitalWrite, àṣẹ tó ń tan LED lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀mejìlá á pẹ́ jù, lẹ́tà á sì dagun.

Bí ọ̀rọ̀ bá yí padà bí ìgbà tí a wò ó nínú dígí, ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà yí kò bá kóòdù mu: ẹ rán òpó láti ẹ̀yìn wá síwájú. Bó bá hàn ní méjì, sensor ń kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ pa ohunkóhun tó bá dé kí 15,000 microsecond tó pé tì. Bí LED kan bá ń fa ìlà yípo láìsinmi, wáyà rẹ̀ ti kan ibòmíràn.

Ẹ pa swíìṣì bátìrì kí ẹ tó ki wáyà USB bọ̀ ọ́. Ẹ dá àgò iwájú padà kí ẹ tó tan mọ́tò, kódà fún ìdánwò. Iwájú tàbí ẹ̀yìn ni kí ẹ dúró sí, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́, torí ẹ̀gbẹ́ ni ohun tó bá já máa ń fò gbà. Ẹ kọ́kọ́ lò ó ní eré kékeré fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ pa á, kí ẹ fọwọ́ yẹ gbogbo nọ́ọ̀tì wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó gbé eré náà sókè.